Àádọ́rin Ilẹ̀kùn: Ìwé Kan tí Wọ́n Fi Ń Kọ́ Wa ní Ètò Ìjọba

Nígbà tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ bí a ṣe ń gbé ètò ìjọba kalẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màmá mi bi mí: "Tí o bá kọ́ ọ tán, kí ni o máa lè ṣe tí ẹni tí kò kọ́ ọ kò ní lè ṣe?" Dókítà ń wo aláìsàn, lọ́yà ń bá ni rojọ́ ní kóòtù, ẹnjiníà ń kọ́ afárá. Èmi ńkọ́? Mo dá wọn lóhùn pé a ó máa kọ́ bí ìjọba ṣe ń ronú kí ó tó dáwọ́ lé nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n máa ń ronú ni?"

Ní ọdún kejì mi, olùkọ́ wa ní kí a ka ìwé kan tí mo rò pé yóò bá mi dáhùn ìbéèrè náà. Orúkọ rẹ̀ ni Implementation. Jeffrey Pressman àti Aaron Wildavsky ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1973. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ ó ṣì wà lára àwọn ìwé tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí ọ̀rọ̀ bá kan bí ètò ìjọba ṣe ń di mímúṣẹ. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ wa lè sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tí kò gbà gbọ́ mọ́ pé ohun rere kan ṣeé ṣe. Ìdí tí mo fi kọ àròkọ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Ìlú Oakland wà ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, omi ló là á sọ́tọ̀ kúrò lára San Francisco. Ní àárín àwọn ọdún 1960, àìríṣẹ́ṣe pọ̀ níbẹ̀, pàápàá láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Rògbòdìyàn ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Watts ní Los Angeles ní 1965 ti dẹ́rù ba àwọn aláṣẹ, wọn kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Oakland. Ní 1966, àjọ kan tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé kéde pé òun yóò ná owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 23 dọ́là sí ìlú náà. Wọn yóò kọ́ ibùdó tuntun fún ọkọ̀ ojú omi sí èbúté, wọn yóò kọ́ ilé ràgàjì kan tí iléeṣẹ́ World Airways yóò ti máa tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, wọn yóò sì yá àwọn oníṣòwò lówó. Wọ́n ní nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni yóò tibẹ̀ ríṣẹ́.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta fi máa kọjá, díẹ̀ nínú owó náà ni wọ́n tíì ná. Afárá ọ̀nà kan àti owó àwọn ayàwòrán ilé ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú díẹ̀ náà. Ilé àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú kò tíì dìde. Iṣẹ́ tuntun tí ó yọ jáde kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3,000 tí wọ́n ṣèlérí.

Bí ẹ bá sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Wọ́n ti kó owó náà jẹ." Èmi náà dúró dè é bí mo ṣe ń kà á. Mo ń ṣí ìwé síwájú, mo ń wá olè. Kò sí olè níbẹ̀. Kò sí alátakò gidi pàápàá. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ètò náà, àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ ẹ, àwọn aláṣẹ èbúté fẹ́ ẹ, owó sì ti wà nílẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà, síbẹ̀ nǹkan kò lọ. Ohun tí ó mú kí ìwé yìí níyì nìyẹn. Àwa tí a ti mọ́ra pẹ̀lú kí a máa fi olè jíjà ṣe àlàyé gbogbo ohun tó bàjẹ́, ó yẹ kí a kà á, kí a lè mọ̀ pé ètò lè kú lọ́wọ́ àwọn olóòótọ́ ènìyàn.

Àlàyé méjì ni àwọn òǹkọ̀wé náà ṣe. Èkíní ni pé wọ́n ka gbogbo ibi tí ẹnì kan ti ní láti sọ pé "mo gbà" kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Ibi ìpinnu jẹ́ 30. Ìfọwọ́sí tí ó so mọ́ wọn jẹ́ 70. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní ilẹ̀kùn. Ká ní nídìí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ìgbà 95 nínú 100 ni wọn yóò ṣí i fún wa. Ìyẹn dára púpọ̀ létí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀kùn 70 ló gbọ́dọ̀ ṣí, àǹfààní pé a ó dé ìparí kò tó 3 nínú 100. Kódà bí ó bá jẹ́ ìgbà 99 nínú 100, àǹfààní náà ṣì dín díẹ̀ ní ìdajì. Mo fi fóònù mi ṣe ìṣirò yìí lóru ọjọ́ tí mo kà á, mo tún un ṣe, nítorí n kò gbà á gbọ́.

Àlàyé kejì ni pé èrò tí wọ́n gbé ètò náà lé lórí kò tọ̀nà. Wọ́n fẹ́ kí àwọn aláìníṣẹ́ ríṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé àti ẹ̀rọ ni wọ́n ná owó lé lórí, wọn kò ná an lé owó oṣù. Ẹ wò ó báyìí: bí o bá fẹ́ kí ọ̀gá aránṣọ kan gba ọmọṣẹ́ púpọ̀ sí i, tí o wá lọ ra ẹ̀rọ ńlá fún un, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ọmọṣẹ́ ì bá ṣe. Bí o bá sọ fún un pé, "Gbogbo ọmọṣẹ́ tuntun tí o bá gbà, èmi yóò bá ọ san díẹ̀ nínú owó rẹ̀," ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yé e. Àwọn òǹkọ̀wé náà ní kò yẹ kí a ya ìgbékalẹ̀ ètò sọ́tọ̀ kúrò lára ìmúṣẹ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò sórí ìwé gbọ́dọ̀ ti máa ro ẹni tí yóò ṣe é. Lójú tèmi, èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù nínú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni kíláàsì wa mú dání. Àádọ́rin ilẹ̀kùn ni gbogbo wa mú dání. Nígbà tí olùkọ́ wa bèèrè irú ètò tí a lè gbé kalẹ̀ tí yóò yọrí sí rere, kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ìjọba má dáwọ́ lé nǹkan kan ló dára jù." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà ni ìbéèrè màmá mi padà wá sí mi lọ́kàn. Tí ó bá jẹ́ pé ohun tí mo máa lè ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni kí n ṣàlàyé ìdí tí nǹkan kò fi ní ṣeé ṣe, màmá mi ti mọ ìyẹn láìsan owó ilé-ìwé.

Mo padà sídìí ìṣirò náà. Ohun tí mo rí nígbà kejì ni pé ó ka ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè kàn án. Ẹni tó bá ti kọ̀, ó ti kọ̀ títí ayé. Àwa mọ̀ pé ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà pé kó tú ìlú rẹ̀ ṣe, ẹni tó bá sì ti bẹ òṣìkà rí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Ká ní a lè padà kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kejì, tí ó sì ṣì jẹ́ ìgbà 95 nínú 100 ni wọn yóò ṣí i. Nínú ìgbà 100, a ó wọlé ní 95 nígbà àkọ́kọ́, a ó sì tún wọlé ní èyí tó pọ̀ jù nínú 5 tó kù. Ẹ wá ṣe ìṣirò náà fún ilẹ̀kùn 70. Àǹfààní tí kò tó 3 nínú 100 yóò di nǹkan bí 84 nínú 100. Ilẹ̀kùn kò dín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a padà lọ.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn lórí ìwé ju bí ó ṣe rí lọ. Ilẹ̀kùn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá padà dé ibẹ̀, wọn yóò tún fi igi tì í. Ìpadàlọ pẹ̀lú ń jẹ àkókò, àwọn òǹkọ̀wé náà sì sọ púpọ̀ nípa ìdádúró. Kódà, ìtàn tí wọ́n fúnra wọn sọ kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, tí wọ́n ń dúnàá dúrà lórí iye owó ilé ọkọ̀ òfuurufú náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìṣirò wọn kò bá ìtàn wọn mu. Ìtàn fi ènìyàn hàn wá tó ń padà lọ, ìṣirò wá sọ ọ́ di ẹni tó kàn án lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ sùn. Ìṣirò yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rántí, nítorí ó kúrú, ó sì ń dẹ́rù bani.

Ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò jìnnà. Ìyá àgbà mi ni. Ọmọ ọdún bíi mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba náà. Stephen Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló gbé àbá rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1952. Ilẹ̀kùn tó wà níwájú wọn kì í ṣe kékeré. Ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà. Olùkọ́ kò tó. Owó orí tí wọ́n fi kún un, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe ìjọba sì fìdí rẹmi ní agbègbè ara rẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Bí a bá fi ìṣirò ìwé Implementation wọ̀n ọ́n, kò yẹ kí ọmọ kan wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní 1955.

Ẹ̀yin òbí àgbà tó bá ń ka ìwé yìí á rántí bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà tí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, yóò fi kan etí òsì. Ìyá àgbà mi sọ pé ọwọ́ àwọn kò kan etí ní 1955. Wọ́n sunkún délé. Bàbá wọn ní kí wọ́n má sunkún mọ́, ọwọ́ á gùn. Ní 1956 wọ́n padà lọ, ọwọ́ kan etí, wọ́n sì wọlé. Wọ́n ṣì ń ka Bíbélì wọn fúnra wọn títí di òní.

Ọgbọ́n ìgbékalẹ̀ ètò wà nínú ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wa kà. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Olùkọ́ ní abúlé tó jìnnà jù lọ lè ṣe é láìdúró de ọ́fíìsì kankan. Lékè gbogbo rẹ̀, "rárá" tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe títí láé. Ọmọ tí wọ́n dá padà lónìí mọ ìgbà tí òun lè padà wá àti ohun tí yóò yí padà kí òun tó wọlé. Mo gbà pé kì í ṣe ìwọ̀n tó péye, nítorí ọmọ kan lè ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó sàn ju ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi 1955 ṣe ìtàn àlọ́. Ẹ̀kọ́ kejì tó wà nínú ìwé Implementation, èyí tó ní kí a yẹ èrò ìpìlẹ̀ wò, mú ètò yìí náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọ́n kó wọ kíláàsì ni kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó. Nígbà tó fi máa di 1960, ìjọba ti ní láti gbé Ìgbìmọ̀ Banjọ kalẹ̀ láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ náà wò. Èrò pé ọmọ tó bá ti jáde ìwé mẹ́fà yóò ríṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà yìí kò ṣàìwúlò fún wa. Ó kàn jẹ́ pé apá tó wúlò jù nínú rẹ̀ kọ́ ni a ń rántí.

Ohun mìíràn tún wà tí mo ń wá nínú ìwé náà tí n kò rí tó. Ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kún inú rẹ̀: lẹ́tà wọn, ìpàdé wọn, èrò wọn. Àwọn aláìníṣẹ́ Oakland, tí gbogbo aáyan náà tìtorí wọn wáyé, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ló yẹ kí ó padà lọ kan ilẹ̀kùn? Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé yálà iṣẹ́ náà yọrí tàbí kò yọrí, ṣé òun ni yóò padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta? Bàbá ìyá àgbà mi ló mú wọn padà lọ ní 1956. Ìwé tó bá ka ilẹ̀kùn tí kò ka àwọn tó dúró níwájú ilẹ̀kùn kò tíì ka gbogbo rẹ̀ tán.

Mo dán èyí wò nínú ìsinmi tó kọjá. Atẹ́gùn ti ṣí páànù lórí kíláàsì méjì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ ti ń kàwé, tí òjò bá ti ṣú, wọn a lọ sílé. Èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé jókòó, a ka iye ibi tí lẹ́tà wọn ní láti gbà kọjá kí páànù tó dé. Ó jẹ́ 11. Ìwé Implementation ló kọ́ mi láti kà á, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà ti wà lọ́dọ̀ ẹni kẹta fún oṣù márùn-ún. Kò sí ẹni tó kọ̀. Wọ́n ní kò sí fọ́tò nínú fáìlì, kò sì sí ẹni tó sọ fún ilé-ìwé pé fọ́tò ni wọ́n ń dúró dè. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ya fọ́tò. Màmá mi àti àwọn ìyá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ béèrè ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo máa fi padà sí yunifásítì, lẹ́tà ti dé ibi keje.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí pé kí ẹ má ṣe yọ ìwé náà kúrò. Ẹ fún wa kà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọ́ wa ní ìṣirò àádọ́rin tán, ẹ ní kí a tún un ṣe fún ẹni tó padà lọ. Ẹ sì ní kí a lọ bi àgbàlagbà kan nílé wa léèrè ètò ìjọba kan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ẹ ń ro ohun tí ẹ máa lọ kọ́, ẹ̀kọ́ yìí kò burú, bí ẹ bá lè fara dà á kí wọ́n máa bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Mo ti rí ìdáhùn díẹ̀ fún màmá mi. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní tí mo bá kọ́ ọ tán, n ó lè ka ilẹ̀kùn kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, n ó dín wọn kù bí mo bá lè dín wọn kù, n ó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ohun tí ẹni tí wọ́n dá padà yóò mú wá tó bá tún ń bọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn dáa. Tètè kọ́ ọ tán. Àwọn ọmọ ṣì wà lábẹ́ máńgòrò."